Àsomọ́ Méjìdínlógójì Glenys Tregenza

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ẹni tí Glenys Tregenza jẹ́, ẹ fún un ní nǹkan tí kò fẹ́, kí ẹ wá dúró kí ẹ máa wo ojú rẹ̀. Yóò rẹ́rìn-ín, yóò ní ẹ ṣé gan-an ni, yóò gbà á lọ́wọ́ yín, yóò sì máa gbé e kiri títí ayé. Ó ti pé ẹni àádọ́rin ọdún báyìí, ẹ lè fojú inú wo bí ilé rẹ̀ ṣe kún tó. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti ń bá a ṣọ̀rẹ́, mi ò gbọ́ ọ rí kí ó sọ pé "rárá" fún ẹ̀dá alààyè kan, àfi Lindsay ọkọ rẹ̀, tó máa ń sọ ọ́ fún lójoojúmọ́ nítorí iyọ̀.

Èmi ni Val Scadden. Èmi ni mo ni ilé epo tó wà létí títì ní Wandinup, níbi tí àwọn awakọ̀ tó ń kó àlìkámà ti máa ń yà ra epo àti míìtì páì. Mo mọ̀ pé ẹnu mi kì í dákẹ́, ẹ má wulẹ̀ sọ ọ́ fún mi. Ẹni tó bá jókòó sídìí káńtà kan náà fún ọdún mẹ́rìnlélógún tí kò lẹ́nu, àìsàn ló ń ṣe é.

Ọgbọ̀n ọdún ni Glenys fi ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ilé ìwé wa. Nígbà tó fẹ̀yìntì, ó jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó sì dá búlọ́ọ̀gì kan sílẹ̀ fún ìlú. Gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí wa ló ń kọ síbẹ̀: òjò tó rọ̀ àti ìwọ̀n rẹ̀ lóko oníkálukú, ajá tó sọnù, ẹni tó kú àti ọjọ́ ìsìnkú, ẹni tó ti bẹ̀rẹ̀ ìkórè àti ẹni tó ṣì ń purọ́ pé àlìkámà òun kò tíì gbẹ. Igba èèyàn ó lé díẹ̀ la jẹ́ ní Wandinup, kò sì sí ẹni tí kì í kà á. Àwọn ọmọ wa tó wà nílùú ńlá Perth ń kà á, àwọn tó ń wa kùsà lókè àríwá náà ń kà á. Tí òjò mílímítà mẹ́rin bá rọ̀ tí Glenys ò tíì kọ ọ́, fóònù rẹ̀ kò ní sinmi.

Ó ṣàlàyé fún mi nígbà kan pé búlọ́ọ̀gì dà bí katakata tuntun. Bí wọ́n ṣe gbé e fún ọ yẹn, yóò rìn, ṣùgbọ́n tí o bá fẹ́ kí ó túlẹ̀ tàbí kí ó fúnrúgbìn, o ní láti so nǹkan mọ́ ọn lẹ́yìn. Àwọn ohun tí wọ́n ń so mọ́ búlọ́ọ̀gì yìí ni wọ́n ń pè ní púlọ́gìn. Àsomọ́ lèmi ń pè é, ahọ́n mi ò fẹ́ wàhálà. Mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́, Glenys mọ àsomọ́ yàn níbẹ̀rẹ̀. Kò ní mú èyíkéyìí láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ wo ẹni tó ṣe é, bóyá ẹni náà ṣì ń tún un ṣe tàbí ó ti pa á tì láti ọdún mẹ́ta, iye èèyàn tó ń lò ó, àti ohun tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀. Mẹ́rin péré ló mú. Ọ̀kan ń lé àwọn oníjìbìtì tó máa ń wá polówó oògùn ọkùnrin sábẹ́ ìkéde òkú. Ọ̀kan ń ṣe ẹ̀dà gbogbo ohun tó bá kọ, ó ń tọ́jú rẹ̀ síbòmíràn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọ̀kan ń sọ àwòrán ńlá di kékeré kó má baà wúwo, ìkẹrin sì jẹ́ kàlẹ́ńdà ìpàdé. Nígbà náà, kí o tó mí lẹ́ẹ̀kan, ojú ewé ti ṣí.

Àwo ló ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Tí ìpàdé bá wà ní gbọ̀ngàn ìlú níbí, oníkálukú ló ń gbé àwo oúnjẹ tirẹ̀ wá, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ lára bébà tó lẹ̀ mọ́ ìdí àwo. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ sọ pé tìẹ ò wúlò, orí tábìlì ni gbogbo ẹ̀ ń lọ. Tí àwo ẹnì kan bá wá padà sílé tòun ti oúnjẹ nínú, ọ̀ràn dé nìyẹn. Merle Pascoe ò tíì dárí ji ìyàwó olùkọ́ kan tó ti kó kúrò níbí lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn, nítorí sáláàdì ẹyin. Glenys ló máa ń to tábìlì yẹn. Bó bá rí àwo tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn, á rọra yọ́ lọ síbẹ̀, á jẹ díẹ̀, á gbọ̀n díẹ̀ sínú àpò, kí ojú má baà ti aláwo.

Nígbà tó yá, Trevor Moyle, olórí àwọn panápaná wa, wá bá a pé òun rí àsomọ́ kan tó ń fi ọfà hàn, ọfà náà ń tọ́ka síbi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, ó sì máa ń pọ́n nígbà tí iná bá lè ràn lóko. Èyí wúlò, ẹnikẹ́ni ò lè jiyàn. Glenys so ó mọ́ ọn. Àṣìṣe tó ṣe ni pé ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Trevor Moyle ló mú èyí wá." Ọ̀rẹ́ mi ti lẹ orúkọ mọ́ ìdí àwo. Gbogbo ìlú gbọ́, gbogbo ìlú sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwo bọ̀.

Merle mú èyí tí òjò dídì á máa já bọ́ lójú ewé lóṣù Kejìlá nítorí Kérésìmesì. Lóṣù Kejìlá ní Wandinup, ajá kì í lè tẹ títì nítorí ooru. Ron àti Keith Dunstan jẹ́ ìbejì, oko wọn fara kan ara, wọn ò sì bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́ láti ìgbà ọ̀rọ̀ ọgbà kan. Ron mú àsomọ́ tó ń ka iye èèyàn tó wá sójú ewé. Kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ tí Keith fi mú tirẹ̀ dé. Ti Ron ń sọ pé ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án, ti Keith ń sọ pé igba ó lé méjìlá, wọ́n sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lójú ewé. Àwọn ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù mú pátákó èsì tó ń ṣẹ́jú. Pásítọ̀ mú ẹsẹ Bíbélì òwúrọ̀ wá, oníṣòwò ọtí tó wà níwájú ilé pásítọ̀ sì mú àwàdà òwúrọ̀ wá kó má baà di pé wọ́n yọ òun sílẹ̀. Ẹnì kan mú èyí tó ń ka ojú ewé sókè fúnra rẹ̀, ohùn obìnrin kan tó ń pe Wandinup bí ẹni tí eyín ń dùn.

Èmi náà mú tèmi wá, kí n má purọ́. Àpótí kékeré kan ni, tó máa ń fò jáde sójú ewé tó bá ti ṣí: "Páì gbígbóná wà lọ́dọ̀ Val." Àwòrán páì wà lára rẹ̀ tó ń yọ èéfín. Ó dùn ún wò. Tìfẹ́tìfẹ́ ni mo fi mú un wá.

Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹta ọdún yìí, méjìdínlógójì ni wọ́n. Tí o bá tẹ ojú ewé yẹn, o lè gbé omi tíì kaná, kí o mu tíì, kí o fọ ife, kí o tó rí ìkéde òkú. Ẹnikẹ́ni ò sì ráhùn, torí pé tirẹ̀ ni oníkálukú ń dúró dè láti rí.

Ní ọjọ́ Ajé kan ni Glenys wọlé tọ̀ mí wá, ó dúró sídìí káńtà, kò bọ́ fìlà.

"Val, o ráyè?"

"Kí ni mò ń ṣe? Jókòó jàre."

Kò jókòó. "Wọ́n ti rí nọ́ọ̀sì kan."

Mo fi aṣọ ìnukáńtà sílẹ̀. Láti ìgbà tí nọ́ọ̀sì wa ti fẹ̀yìntì ní ọdún méjì sẹ́yìn, ilé ìwòsàn kékeré wa ti wà ní títì pa. Lindsay ọkọ Glenys ní egbò kan ní ojúgun tí kì í fẹ́ jinná, ìtọ̀ ṣúgà ló fà á. Ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì, Glenys ló ń wà á lọ sí ilé ìwòsàn tó jìn ní ogóje kìlómítà, ogóje náà ni àbọ̀, kí wọ́n lè wẹ egbò kí wọ́n sì dì í. Dókítà ti sọ ọ́ lójú wọn pé tí wọ́n bá fi ń pa á jẹ, gígé ni wọ́n máa gé ẹsẹ̀ yẹn. Lóṣù tó kọjá, Glenys sùn lọ nídìí ọkọ̀, wọ́n bá ara wọn láàárín oko àlìkámà Keith Dunstan. Ọlọ́run ló yọ wọ́n. Nítorí náà, nígbà tó dárúkọ nọ́ọ̀sì, ẹsẹ̀ Lindsay ni mo rí lójú mi, kì í ṣe nọ́ọ̀sì.

"Ta ni? Níbo ló wà?"

"Jincy Kuruvila lorúkọ ẹ̀. Ọmọ Íńdíà ni, òun àti ọkọ ẹ̀ àti ọmọbìnrin wọn wà ní Perth. Colin tó ń bá wa wá nọ́ọ̀sì ló pè mí. Ìlú méjì ló wà níwájú obìnrin náà, àwa àti Gorrabin. Ọjọ́ Ẹtì yìí ló máa sọ èyí tó mú."

"Gorrabin? Kí ló wà ní Gorrabin, yàtọ̀ sí àká àlìkámà kan àti eṣinṣin?"

"Wọ́n ní ojú ewé tó ń ṣí."

Mo fa àga kan sún mọ́ ọn.

"Ó sọ fún Colin pé ẹ̀ẹ̀mẹta lòun ti gbìyànjú láti wo tiwa lórí fóònù, nínú ọkọ̀ ojú irin tó bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Kò rí nǹkan kan. Ó ní ìlú tí òun ò lè rí, òun ò lè kó ọmọ òun lọ síbẹ̀." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Àsomọ́ wọ̀nyẹn ni, Val. Èmi ni mo fi wọ́n síbẹ̀."

"Kí ló dé tí o ń sunkún? Yọ wọ́n dànù."

"Àwọn èèyàn á bínú."

"Kí wọ́n bínú. Òjò dídì Merle, yọ ọ́. Obìnrin eléyín ríro yẹn, yọ ọ́, ó máa ń já mi láyà. Àwọn Dunstan, ju méjèèjì sígbó. Pàǹtírí ni gbogbo ẹ̀."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀ pátá." Mo wá rántí. "Àfi tèmi ṣá, tèmi ò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́."

Glenys wò mí, ó la ẹnu, ó tún pa á dé. Mo rò pé ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí á fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn, ẹ má bá mi wí.

Mo fi ọmọbìnrin mi sídìí káńtà, mo tẹ̀ lé e lọ sílé. Ó kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà gbogbo búlọ́ọ̀gì náà pamọ́, ó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì pé ó pé, ó ní ẹni tó bá ń yọ àsomọ́ láìní ẹ̀dà, orí òrùlé ló ń gùn láìní àkàbà. Lẹ́yìn náà ló ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Kì í ṣe pé wọ́n kàn ń yọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á pa gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á wo bí ojú ewé ṣe rí, wọ́n á wá máa tan wọ́n padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí wọ́n á fi mọ èyí tó ń dá wàhálà sílẹ̀. Mo ní ó ti yé mi: bí ẹnì kan bá só nínú ìpàdé, kí gbogbo èèyàn bọ́ síta, kí wọ́n máa wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Glenys ní òun ò ní sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni.

Ó pa wọ́n. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí fóònù fi dún.

"Glenys, òjò dídì mi dà?" Merle ni.

"Merle, oṣù Kẹta la wà."

"Mo mọ oṣù tí a wà. Mo kàn máa ń lọ wò ó lábẹ́ pé ó ṣì wà níbẹ̀, pẹ̀lú orúkọ mi. Kò sí níbẹ̀ mọ́."

"Mo kàn pa á fún ìgbà díẹ̀ ni."

"Ṣé ó ba nǹkan jẹ́ ni?"

Glenys bẹ̀ ẹ́, ó bẹ̀ ẹ́, ó wá tan òjò dídì padà. Bó ṣe gbé fóònù sílẹ̀ ni Ron Dunstan pè.

"Wọ́n ní o pa ohun tó ń kà fún mi. Ti Keith ńkọ́?"

"Mo pa á náà, Ron."

"Èwo lo kọ́kọ́ pa?"

Glenys wò mí. Mo fi ẹnu ṣe "Keith" fún un.

"Ti Keith."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," Ron wí, ó sì gbé fóònù sílẹ̀ tìdùnnútìdùnnú. Nígbà tí Keith pè, Glenys ní ti Ron lòun kọ́kọ́ pa. Bí mo ṣe rí ojú rẹ̀, ó dà bí ẹni tó jalè ní ṣọ́ọ̀ṣì. Pásítọ̀ kò bínú ní tirẹ̀, ó kàn ní òun á máa gbàdúrà fún un, èyí sì burú ju ìbínú lọ. Nígbà tí oòrùn fi máa wọ̀, ó ti tan ọ̀kàndínlógún padà. Inú bí mi débi pé mo dìde láì mu tíì tó gbé fún mi. Mo ní, "Glenys, o máa fi 'ẹ ṣé, ẹ ṣé' gé ẹsẹ̀ ọkọ rẹ," mo sì bá tèmi lọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, òun ló sọ fún mi. Wọ́n ń bọ̀ láti ilé ìwòsàn, wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdajì ọ̀nà. Lindsay kì í sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀, kì í sọ̀rọ̀ níbòmíràn náà. Ó kàn ṣàdédé ní, "Glen, gbogbo àwo tí o ò lè dá padà fún onílé, ẹsẹ̀ mi lò ń bù sínú ẹ̀." Glenys ní òun ò mọ ìgbà tí òun dúró sẹ́bàá ọ̀nà, omijé ò jẹ́ kí òun ríran.

Lọ́jọ́ Rú, láti aago mẹ́jọ òwúrọ̀, ó jókòó ti fóònù, ó ń pe àwọn olóhun lọ́kọ̀ọ̀kan. "Mo fẹ́ yọ àsomọ́ rẹ kúrò. Mo dúpẹ́ pé o mú un wá. Nítorí ẹsẹ̀ Lindsay ni." Kò tún ọ̀rọ̀ ọ̀hún sọ lọ́nà mìíràn, kò sì bẹ ẹnikẹ́ni. Tó bá ti sọ ọ́ tán fún ẹnì kan, á yọ tiẹ̀ kúrò pátápátá, kì í ṣe pé á pa á lásán, torí ó ní àsomọ́ tí wọ́n pa tí wọ́n fi sílẹ̀ láìtọ́jú, ojú fèrèsé tí olè ń gbà wọlé ni. Trevor ní kó yọ ọfà òun náà tó bá ń dí i lọ́wọ́. Glenys ní rárá, tìẹ ń gba ẹ̀mí là. Ṣé ẹ rí i pé ó sọ "rárá"? Merle ní òun ò ní fẹsẹ̀ tẹ gbọ̀ngàn tí Glenys bá wà mọ́ láyé. Glenys ní ó dáa, ẹ ṣé, ó sì yọ òjò dídì. Nígbà tó fi di aago méjì ọ̀sán, méjìlélọ́gbọ̀n ti lọ, ó ku mẹ́fà.

Ó wá bá mi nílé epo. Mo ti gbọ́ gbogbo ẹ̀ lẹ́nu àwọn oníbàárà, orí mi wú, mo ti gé páì fún un kó tó wọlé.

"Gbé fóònù rẹ jáde," ó ní. "Fi ṣí i."

Láti ọjọ́ tí búlọ́ọ̀gì yẹn ti wà, orí kọ̀ǹpútà ńlá tó wà lẹ́yìn káńtà ni mo ti ń wò ó, fóònù mi fún ìpè ni. Mo tẹ̀ ẹ́. Wàá, ó ti ṣí. Òjò oko Moyle, ajá àwọn Henwood, gbogbo ẹ̀ wà níbẹ̀ gbangba. Mo pàtẹ́wọ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pàtẹ́wọ́ lọ́wọ́ ni páì mi fò jáde.

Ó bo gbogbo ojú fóònù láti òkè délẹ̀. Mo wá ibi tí wọ́n ń gbà pa á dé, mi ò rí i. Lórí kọ̀ǹpútà ńlá, àmì kékeré kan wà ní igun rẹ̀ tí èèyàn máa tẹ̀. Lórí fóònù, àmì náà ti jáde kúrò lójú gíláàsì, ó wà níbi tí ìka èèyàn ò lè dé. Mo fà á sókè, mo fà á sílẹ̀. Mo pa fóònù, mo tún un tàn. Páì ń yọ èéfín sí mi lójú. Awakọ̀ kan tó ń dúró gba ṣéńjì nà ọrùn wò ó, ó ní, "Ìyá Páì, ẹ ti dí ọ̀nà ìlú o." Mo ní kó gba ṣéńjì rẹ̀ kó máa lọ.

Mo yíjú sí Glenys. Ilẹ̀ ló ń wò.

"Ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Ọjọ́ Ajé. Kí n tó wá bá ọ. Àwọn tó kù ń jẹ́ kó pẹ́ ni, ṣùgbọ́n tí èèyàn bá ní sùúrù, á ṣí. Tìẹ ni kò jẹ́ kí wọ́n rí nǹkan kan tó bá ṣí tán."

"O wá jókòó, o jẹ́ kí n máa pe nǹkan àwọn ẹlòmíràn ní pàǹtírí?"

"Ó ń dùn mọ́ ọ," ó ní.

"Glenys, o yọ ti pásítọ̀. O yọ ti Merle tó máa bá ọ ṣọ̀tá títí ẹ ó fi kú. Kí ló ní kí o fi tèmi sílẹ̀?"

Ó bọ́ fìlà, ó gbé e sórí káńtà. "Tí Merle ò bá kí mi mọ́, mo lè fara dà á. Ìwọ lò ń wá sílé mi láràárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Ọdún méjì tí mo ti ń wakọ̀ yìí, ta ni mo ní tí mo ń sọ fún? Tí o bá lọ lọ́jọ́ Ajé tí o ò padà wá mọ́ ńkọ́? O sì lọ láìmu tíì."

Ojú tì mí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Wọ́n ní amúkùn-ún, ẹrù ẹ wọ́, ó ní òkè lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀. Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń pariwo ẹrù tó wọ́, ẹsẹ̀ mi ló wọ́. Obìnrin yìí ti fi ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ sórí òṣùwọ̀n kan, ó fi èmi sórí ìkejì, kò sì mọ èyí tó máa gbé kúrò. Nítorí àpótí páì. Mo wọ ẹ̀yìn káńtà, mo fa kọ̀ǹpútà mọ́ra, mo ní, "Níbo ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́?" Ó tẹ ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀, ó fi hàn mí. Kọ̀ǹpútà bi mí bóyá ó dá mi lójú, mo ní kó má bi mí ní ìbéèrèkíbéèrè. Mo tẹ̀ ẹ́, páì lọ.

Ní Ọjọ́bọ̀, Glenys kọ ọ̀rọ̀ kan sójú ewé. Ó dárúkọ gbogbo wa, àwa mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, àti ohun tí oníkálukú mú wá. Ó kọ ọ́ pé òjò dídì Merle ni nǹkan tútù kan ṣoṣo tí òun rí lóṣù Kejìlá ọdún tó kọjá. Ó kọ ọ́ pé Ron àti Keith Dunstan fẹ́ mọ ohun kan náà. Ó ní èmi Val ni mo fi ọwọ́ ara mi yọ tèmi. Ó wá kọ ọ́ láìfi bò pé òun ń yọ wọ́n nítorí ọkọ òun ní egbò, òun sì ti di arúgbó tó ń sùn lọ nídìí ọkọ̀, àwọn ń wá nọ́ọ̀sì, àwọn ń bẹ̀ ẹ́. Mo sọ fún un pé ìyẹn ti pọ̀ jù, kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń polówó ìlú nìyẹn. Ó ní rárá, bẹ́ẹ̀ ló máa wà. Ó ti wá ń gbádùn ọ̀rọ̀ yẹn.

Ọjọ́ Ẹtì, ojú ọ̀nà ilé ìwòsàn ni ìpè Colin ti bá wọn. Glenys dúró sẹ́bàá ọ̀nà, ó gbọ́, ó bú sẹ́kún. Lindsay ló gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, "Ó ń sunkún. Ṣé èyí tó dáa ni àbí èyí tí kò dáa?" Colin ní èyí tó dáa ni.

Oṣù Kárùn-ún ni Jincy kó dé pẹ̀lú ọkọ àti ọmọ, obìnrin kúkúrú tó ń yára rìn, tí kì í jẹ́ kí o parí irọ́ tí ò ń pa nípa ohun tí ò ń jẹ. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àkọ́kọ́ tó ṣí ilé ìwòsàn, ó yà lọ́dọ̀ mi lọ́sàn-án láti ra mílíìkì. Glenys jókòó sídìí fèrèsé, ó ti wà níbẹ̀ láti àárọ̀, torí pé kò mọ ohun tí èèyàn ń fi ọjọ́ Ìṣẹ́gun ṣe tí kò bá wakọ̀. Ìgboyà wọ̀ mí, mo sì jẹ́wọ́ fún Jincy pé èmi ni mo ni páì.

"Ẹ̀yin ni?" ó ní. "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bá páì yẹn jà nínú ọkọ̀ ojú irin. Mo tiẹ̀ ti kọ Gorrabin sínú fọ́ọ̀mù ní Ọjọ́bọ̀ yẹn. Mo fẹ́ fi han ọkọ mi pé, wò ó, wo irú ìlú tí wọ́n ní ká wá, páì nìkan ló wà níbẹ̀. Mo ṣí i kí ó lè rí páì, kí a jọ rẹ́rìn-ín. Ó wá ṣí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀rọ̀ tí màmá yìí kọ."

"Kí lọkọ ẹ sọ?"

"Ó ní kí n pa Gorrabin rẹ́. Ó ní ojú ewé wọn dára, ṣùgbọ́n kò sí èèyàn kankan nínú ẹ̀."

Ó gba mílíìkì rẹ̀, ó jáde. Glenys ti dìde, ó ti fi iwájú orí kan fèrèsé. Lindsay ń bọ̀ láti ilé ìwòsàn lódìkejì títì, báńdéèjì funfun tuntun lẹ́sẹ̀, kò sẹ́ni tó dì í mú, ó ń dúró kí ọkọ̀ àlìkámà kan kọjá kó tó fi ẹsẹ̀ méjèèjì sọdá.